Ojú Lọ̀rọ̀ Wà: Akẹ́kọ̀ọ́ Òfin àti Lẹ́tà Orí Ẹ̀rọ

   

Ìfáárà

Ó ṣeé ṣe kí àwọn kan máa bi ara wọn pé kí ni ó kan olùkọ́ lítíréṣọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ímeèlì, àti pé kí ni ó tún kàn án nínú ọ̀rọ̀ àwọn tí ń kọ́ òfin. Ìdáhùn mi kò gùn. Lẹ́tà ni ímeèlì. Bí lẹ́tà bá sì bọ́ sí wa lọ́wọ́, ìbéèrè tí àwa onílítíréṣọ̀ máa ń bi í ni pé: ta ni ó ń sọ̀rọ̀? Ta ni ó ń bá sọ̀rọ̀? Ta ni ó tún lè kà á? Irú ènìyàn wo ni ọ̀rọ̀ náà sọ ẹni tí ó kọ ọ́ dà lójú ẹni tí ó kà á? Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí gan-an ni ilé-ẹjọ́ máa ń béèrè nígbà tí a bá gbé lẹ́tà síwájú rẹ̀. Nítorí náà, oko kan náà ni èmi àti ẹ̀yin amòfin ń ro, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ́ wa yàtọ̀ síra.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó sún mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ímeèlì kan wọlé sí mi. Orúkọ àwàdà ni àdírẹ́sì tí ó ti wá, irú èyí tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama máa ń fún ara wọn, pẹ̀lú nọ́ńbà mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀. Kò ní àkọlé. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kò ju ìlà méjì lọ: ẹni tí ó kọ ọ́ ń fẹ́ kí n jẹ́rìí sí ìwà àti ẹ̀kọ́ òun, ó sì ń fẹ́ ẹ ní kíákíá. Kò sí orúkọ ní ìsàlẹ̀. Mo rò pé iṣẹ́ ọwọ́ àwọn gbájúẹ̀ ni, mo sì pa á tì. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọmọbìnrin kan kan ilẹ̀kùn ọ́fíìsì mi, ó kúnlẹ̀, omi sì ti lé ròrò sí i lójú. Akẹ́kọ̀ọ́ òfin ni, ó ti gba kọ́ọ̀sì kan lọ́dọ̀ wa, ó sì wà lára àwọn tí ìwé wọn dára jù lọ nínú kíláàsì náà. Àyè kan ṣí sílẹ̀ fún un láti kọ́ṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ agbẹjọ́rò kan ní àkókò ìsinmi, ẹ̀rí tèmi nìkan ni ó kù. Ọjọ́ tí wọ́n dá ti kọjá ní ìrọ̀lẹ́ àná.

Ẹ̀bi náà kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Èmi pẹ̀lú ìbá ti béèrè pé ta ni. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń wò ó lórí ìkúnlẹ̀, ohun tí ó dùn mí jù ni pé ọdún márùn-ún gbáko ni a fi ń kọ́ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ní òfin ní yunifásítì, kí wọ́n tó lọ sí Ilé-Ẹ̀kọ́ Òfin Nàìjíríà. Níbẹ̀, a óò kọ́ wọn ní aṣọ dúdú àti funfun wíwọ̀. A óò kọ́ wọn bí a ti ń jókòó jẹun níwájú àwọn àgbà agbẹjọ́rò. Èmi kò rí ọjọ́ kan tí a yà sọ́tọ̀ láti kọ́ wọn bí a ti ń kọ lẹ́tà tí yóò dé ibi tí ó ń lọ.

Ọ̀rọ̀ tí kò ní ojú

Àwọn baba wa ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Nígbà tí ènìyàn méjì bá ń sọ̀rọ̀, ojú ń sọ̀rọ̀, ọwọ́ ń sọ̀rọ̀, ìdọ̀bálẹ̀ àti ìkúnlẹ̀ náà ń sọ̀rọ̀. Bí ẹnu bá ṣì í sọ, ojú lè tún un ṣe. Ẹni tí ó bá fi ẹ̀rín sọ ọ̀rọ̀ líle, àwàdà ni a ó kà á sí.

Kò túmọ̀ sí pé àwọn baba wa kò mọ bí a ti ń bá ẹni tí ó jìnnà sọ̀rọ̀. Wọ́n ní àrokò. Bí wọ́n bá so owó ẹyọ méjì pọ̀ tí wọ́n kojú síra, ìrẹ́pọ̀ ni. Bí wọ́n bá kẹ̀yìn síra, ìjà ti dé. Ẹyọ mẹ́fà, tí ó dúró fún ẹfà, ń sọ pé ọkàn mi fà sí ọ. Bí ẹni tí a pàrokò sí bá fi ẹyọ mẹ́jọ ránṣẹ́ padà, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ wa jọ. Ẹ kíyè sí i pé ẹni tí ń di àrokò gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí yóò tú u. Kò lè di ẹyọ mẹ́fà fún ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá kí ó sì máa retí ìfẹ́. Ó sì ń ka ẹyọ rẹ̀ dáadáa kí ó tó fà á lé ońṣẹ́ lọ́wọ́, nítorí pé ẹyọ kan tí ó bá já sọnù lè sọ ìfẹ́ di nǹkan mìíràn.

Nígbà tí ìwé kíkọ dé, àwọn òǹkọ̀wé wa tètè mọ agbára lẹ́tà. Láti ọdún 1929 títí dé 1930 ni Isaac B. Thomas ń tẹ ìtàn Sẹ̀gilọlá, Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó, bí ẹni pé obìnrin kan tí àìsàn dá gúnlẹ̀ ni ó ń kọ lẹ́tà sí olóòtú. Ọ̀pọ̀ ará Èkó gbà pé ẹlẹ́ran ara ni Sẹ̀gilọlá. Kò sí ẹni tí ó rí i rí. Lẹ́tà ni ó bí i, lẹ́tà ni ó tọ́ ọ dàgbà. Bí àpólà ọ̀rọ̀ lásán bá lè dá ènìyàn tí kò sí láyé tí gbogbo ìlú fi ń káàánú rẹ̀, kí ni ìlà méjì tí kò ní orúkọ kò lè sọ ènìyàn tí ó wà láàyè dà? Ọmọbìnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọmọ dáadáa. Gbájúẹ̀ ni lẹ́tà rẹ̀ sọ ọ́ dà lójú mi.

Ohun kan tún wà tí ó kan àwa Yorùbá ní pàtàkì. Nínú èdè wa, ọ̀wọ̀ ń bá gbólóhùn rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: “ẹ” ni a ń lò fún àgbà, “o” ni a ń lò fún ẹgbẹ́ àti ọmọdé. Èdè Gẹ̀ẹ́sì tí a fi ń kọ lẹ́tà iṣẹ́ kò ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀; ọ̀rọ̀ kan náà ni ó ń lò fún ọba àti fún ọmọ ọ̀dọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò jẹ́ pe olùkọ́ rẹ̀ ní “ìwọ” láéláé lè kọ lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì tí kò ní ọ̀wọ̀ kankan nínú, kí òun fúnra rẹ̀ má sì mọ̀. Nígbà tí “ẹ” bá ti kúrò, ó yẹ kí ọ̀wọ̀ wá ibòmíràn jókòó sí: nínú orúkọ àti oyè tí a kọ bí ó ti tọ́, nínú ìkíni kúkúrú, nínú àlàyé tí ó ṣe kedere, àti nínú àkókò tí a fún ẹni tí a ń bẹ̀ láti ṣe ohun tí a bẹ̀ ẹ́ sí.

Ẹ má ṣì mí gbọ́. Àwọn mìíràn ń ṣe àṣejù. Wọn yóò ki olùkọ́ bí ẹni ń ki ọba, wọn yóò sì gbàdúrà fún un ní ìpínrọ̀ mẹ́ta, ohun tí wọ́n ń béèrè yóò wá farapamọ́ sí ìsàlẹ̀ bí abẹ́rẹ́ nínú koríko. Ẹni tí ó ń ka lẹ́tà 60 ní òwúrọ̀ kan lè má dé ìsàlẹ̀ yẹn. Bí a bá ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin lẹ́tà gbẹ̀fẹ́ àti lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, kì í ṣe nítorí ìdánwò nìkan. Ìdúró méjì ni wọ́n, gẹ́gẹ́ bí ìdúró wa nínú agbo eré ti yàtọ̀ sí ìdúró wa ní ààfin.

Lẹ́tà tí ó ṣìnà

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ òfin mọ ẹjọ́ Adams àti Lindsell ti ọdún 1818. Gbogbo yín ni ẹ kọ́ ọ nínú òfin àdéhùn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí èmi sọ ọ́ bí ìtàn.

Àwọn Lindsell ń ta irun àgùntàn ní St Ives, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1817, wọ́n kọ̀wé sí àwọn Adams ní Bromsgrove pé irun àgùntàn wà fún títà, kí wọ́n sì fi èsì ránṣẹ́ nípa ilé ìfìwéránṣẹ́. Bromsgrove wà ní agbègbè Worcestershire. Leicestershire ni àwọn Lindsell kọ sí ẹ̀yìn ìwé náà. Lẹ́tà náà rìn káàkiri, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 5 ni ó tó dé. Àwọn Adams gbà á, wọ́n sì fi èsì ránṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Àwọn Lindsell retí èsì ní ọjọ́ 7, wọn kò rí i. Ní ọjọ́ 8, wọ́n ta ọjà náà fún ẹlòmíràn. Ní ọjọ́ 9, èsì dé. Ilé-ẹjọ́ ní àdéhùn ti dúró láti ìgbà tí àwọn Adams ti fi lẹ́tà èsì sọ́wọ́ ilé ìfìwéránṣẹ́. Àṣìṣe àwọn Lindsell ni ó sì fa ìdádúró.

Ìlànà ìfìwéránṣẹ́ ni àwọn olùkọ́ òfin máa ń fa yọ nínú ẹjọ́ yìí. Ohun tí èmi rí níbẹ̀ ni orúkọ agbègbè kan tí a ṣì kọ. Ẹni tí ó kọ ọ́ kò ní èrò búburú. Ó ṣeé ṣe kí iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré ni ó ṣì kọ, ó sì di ẹjọ́ tí gbogbo ayé ń kọ́ títí di òní.

Láti ọdún 1971 tí Ray Tomlinson ti fi àmì @ ya orúkọ ẹni sọ́tọ̀ kúrò lára orúkọ ẹ̀rọ rẹ̀, ni ọ̀nà tí a lè gbà ṣì àdírẹ́sì kọ ti ń pọ̀ sí i. Ẹ̀rọ òde òní ń bá wa parí orúkọ kí a tó tẹ̀ ẹ́ tán. A tẹ “Adé”, ẹ̀rọ sì mú Adébáyọ̀ wá dípò Adébọ̀wálé. Ọ̀kan jẹ́ oníbàárà wa, èkejì sì jẹ́ agbẹjọ́rò ẹni tí ó pè é lẹ́jọ́. Nígbà ayé Lindsell, ọjọ́ mélòó kan wà tí ènìyàn lè fi ronú pìwà dà. Nínú ẹjọ́ Entores ti ọdún 1955, tí ó jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ tí a fi ẹ̀rọ telex sọ láti Amsterdam sí Lọ́ńdọ̀nù, Denning sọ pé ọ̀rọ̀ tí ó bá ń dé lójú ẹsẹ̀ kò sí lábẹ́ ìlànà ti ilé ìfìwéránṣẹ́: ìgbà tí ó bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí ni ó tó múlẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún wa ni pé àkókò ti sún mọ́ra. Ọ̀rọ̀ tí a ti tẹ bọ́tìnì lé lórí ti lọ ná.

Orúkọ ní ìsàlẹ̀ lẹ́tà

Ní ayé àwọn amúnisìn, àwọn akọ̀wé máa ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kóòtù àti ilé ìfìwéránṣẹ́, wọn a máa bá àwọn tí kò mọ̀wé kọ lẹ́tà gba owó. Òfin tí a ṣe láti dáàbò bo àwọn tí kò mọ̀wé pa á láṣẹ pé kí irú akọ̀wé bẹ́ẹ̀ kọ orúkọ àti àdírẹ́sì tirẹ̀ sí ìwé náà. Òfin mọ̀ pé ẹni tí ó bá ti fi orúkọ rẹ̀ sí nǹkan kò ní lè sá fún un.

Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ orúkọ ti rí lórí ímeèlì. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 2006, a gbé ẹjọ́ J. Pereira Fernandes àti Mehta wá síwájú adájọ́. Wọ́n ti fi ímeèlì kan ránṣẹ́ pé Mehta yóò ṣe onídùúró fún 25,000 pọ́ùn. Kò sí orúkọ ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àdírẹ́sì ímeèlì rẹ̀ tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ gbé sókè ni ó wà níbẹ̀. Òfin sì ti ní láti ọdún 1677 pé ọ̀rọ̀ onídùúró gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé tí a fọwọ́ sí. Adájọ́ ní àdírẹ́sì tí ẹ̀rọ gbé síbẹ̀ kì í ṣe ìfọwọ́sí. Ọ̀wọ́ bọ́ lọ́rùn Mehta. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2012, nínú ẹjọ́ Golden Ocean àti Salgaocar, Ilé-Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní orúkọ àpèlé lásán tí alágbàtà kan kọ sí ìsàlẹ̀ ímeèlì tó láti jẹ́ ìfọwọ́sí. Nígbà tí ó di ọdún 2019, nínú ẹjọ́ Neocleous àti Rees tí ó jẹ mọ́ ilẹ̀ kan ní etí adágún odò Windermere, adájọ́ ní orúkọ àti ipò agbẹjọ́rò tí ẹ̀rọ ń fúnra rẹ̀ tẹ̀ sí ìsàlẹ̀ gbogbo ímeèlì rẹ̀ jẹ́ ìfọwọ́sí, nítorí pé òun ni ó pàṣẹ fún ẹ̀rọ láti máa tẹ̀ ẹ́.

Ìdájọ́ wọ̀nyí kò de ilé-ẹjọ́ Nàìjíríà lọ́wọ́, ṣùgbọ́n a lè tọ́ka sí wọn. Ẹ̀kọ́ wọn rọrùn. Ẹni tí kò kọ orúkọ lè pàdánù ohun tí ó tọ́ sí i, bí ọmọbìnrin wa ti pàdánù. Ẹni tí ó kọ ọ́ láìronú lè fi de ara rẹ̀ tàbí oníbàárà rẹ̀.

Ẹ̀rí àti àṣírí

Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 1945 tí a ń lò tẹ́lẹ̀ kò mọ kọ̀ǹpútà. Èyí tí a ṣe ní ọdún 2011 mọ̀ ọ́n. Abala 84 là á kalẹ̀ irú ipò tí ohun tí ó ti inú kọ̀ǹpútà jáde gbọ́dọ̀ wà kí ó tó di ẹ̀rí, ó sì sọ̀rọ̀ nípa ìwé ẹ̀rí tí ó yẹ kí ó bá a rìn. Nínú ẹjọ́ Kubor àti Dickson, lórí ìdìbò gómìnà ìpínlẹ̀ Bayelsa ti ọdún 2012, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ kò ka ìwé tí a tẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì kún, nítorí pé kò bá abala náà mu. Abala 153 sì fún ilé-ẹjọ́ láyè láti gbà pé ímeèlì tí ó dé ọ̀dọ̀ ẹnìkan bá èyí tí ẹni tí ó fi í ránṣẹ́ tẹ̀ sínú ẹ̀rọ tirẹ̀ mu.

Ẹ gbọ́ ohun tí ó wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a fi ìbínú tẹ̀ ní agogo 11 alẹ́, tí a sì rò pé a ti pa rẹ́ ní òwúrọ̀, ó wà lọ́wọ́ ẹni tí ó gbà á, ó wà lórí ẹ̀rọ tí ó gbà kọjá, ó sì lè wà níwájú adájọ́ ní ọdún mẹ́wàá òní. Bẹ́ẹ̀ náà ni ímeèlì tí ìbá gba oníbàárà là lè di aláìwúlò bí agbẹjọ́rò rẹ̀ kò bá tọ́jú rẹ̀ bí ó ti yẹ.

Èyí tí ó wúwo jù ni ti àṣírí. Abala 192 òfin yìí kan náà kò gba agbẹjọ́rò láyè láti tú ohun tí oníbàárà bá fi lọ̀ ọ́ síta láìgba àṣẹ rẹ̀, àní lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti parí. Abala 193 fa àwọn akọ̀wé agbẹjọ́rò àti ògbufọ̀ rẹ̀ wọ inú òfin náà. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń lọ kọ́ṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ agbẹjọ́rò, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ náà kò tíì kàn yín. Obìnrin tí ó ń wá ìkọ̀sílẹ̀, tí ó ti sọ ohun tí kò sọ fún ìyá rẹ̀, kò mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò tẹ ọ̀rọ̀ òun. Ẹ̀yin agbẹjọ́rò ni ó fọkàn tán. Bí a bá wá taari ímeèlì kan síwájú láìwo ohun tí ó so mọ́ ìdí rẹ̀, gbogbo lẹ́tà tí ó ti kọjá láàrin òun àti agbẹjọ́rò lè bá a lọ. Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́.

Ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe

N kò fẹ́ di olùkọ́ kọ̀ǹpútà mọ́ yín lọ́wọ́, nítorí náà n óò sọ ọ́ ní ṣókí. Ẹ lo àdírẹ́sì tí ó jẹ́ orúkọ yín gan-an. Ẹ fún lẹ́tà ní àkọlé tí ó sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹ sọ ẹni tí ẹ jẹ́ ní ìlà kìíní, ohun tí ẹ ń fẹ́ ní ìkejì, àti ọjọ́ tí ẹ ń fẹ́ ẹ ní ìkẹta. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ tán, kí ẹ sì so ìwé tí ó yẹ mọ́ ọn, kí ẹ tó kọ àdírẹ́sì ẹni tí ń lọ gbà á. Ẹyin tí kò tíì kúrò lọ́wọ́ kò lè fọ́. Bí inú bá ń bí yín, ẹ jẹ́ kí ó di ọjọ́ kejì. Kí ẹ tó fèsì fún gbogbo ènìyàn, ẹ ka orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ ìwọlé yín han ọ̀rẹ́. Bí ímeèlì bá sì dé pé nọ́ńbà àkáǹtì tí a ó san owó sí ti yí padà, ẹ fi fóònù pe ẹni náà lórí nọ́ńbà tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí pé owó ilẹ̀ àti owó ilé ni àwọn olè òde òní ń dọdẹ ní ọ́fíìsì agbẹjọ́rò.

Ìkádìí

Nígbà tí Christopher Sapara Williams, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó di agbẹjọ́rò, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó ní ọdún 1888, ọkọ̀ ojú omi ni ó ń gbé lẹ́tà láti Èkó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé lẹ́tà òun yóò pẹ́ lójú omi, tí èsì rẹ̀ yóò sì tún pẹ́, yóò kà á lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó lẹ̀ ẹ́. Ìyára ẹ̀rọ ti gba ìkàlẹ́ẹ̀mejì yẹn lọ́wọ́ wa. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín sí lónìí kò ju pé kí a gbà á padà.

Ọmọbìnrin náà kò rí àyè yẹn gbà mọ́. Mo kọ̀wé bẹ ilé-iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n wọ́n ti mú ẹlòmíràn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fún gbogbo lẹ́tà tí kò ní orúkọ ní èsì ìlà kan: “Jọ̀wọ́, ta ni ó ń kọ̀wé?” Ìṣẹ́jú kan péré ni ó ń gbà mí. Kí àwọn ọmọdé kọ́ bí a ti ń kọ orúkọ ẹni; kí àwa àgbà náà má ṣe ti ilẹ̀kùn kí a tó béèrè ẹni tí ó ń kàn án.